Ṣọ́ọ̀ṣì Alámọ̀ Etí Omi Kúdẹtì

Bí a bá dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, òkúta gbígbẹ́, fèrèsé aláwọ̀ mèremère àti ilé ìṣọ́ gíga tí agogo ń dún lókè rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Kambolé. Bí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí ó kọ́kọ́ dúró ní Ìbàdàn, ní etí omi Kúdẹtì, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, koríko ni wọ́n sì fi bò ó. Ẹni tí ó dàgbà ní Tchamba tàbí ní Sokodé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ògiri bẹ́ẹ̀ fún un.

David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán níṣẹ́, ni ó wo Ìbàdàn lọ ní ọdún 1851. Ní 1853 ó padà débẹ̀ pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀ láti máa gbé. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ìkangun ìlú ni wọ́n ti fún wọn ní ilẹ̀, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Lónìí ìlú ti gbá Kúdẹtì mọ́ra, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì etí oko ni nígbà tí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ ọmọlé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ohun àjogúnbá náà wà. Wọ́n á wa ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi mú ara wọn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí ó sùn. Ìpele kan ni ọmọlé máa ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Yóò dúró kí ó gbẹ kí ó tó gbé èkejì lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ á tẹ̀. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n máa ń fi bo irú ilé bẹ́ẹ̀, koríko tí iyì rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún kan wà fún un ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n máa ń kó o wá bá Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ yọ jáde dáadáa, kí òjò má baà nà ẹsẹ̀ ògiri.

Ìmọ̀ ilé ni gbogbo èyí, kò sí ohun tí àjèjì kọ́ wa níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni ìlò ilé náà. Yàrá ilé Yorùbá àtijọ́ kì í fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń wá láti àgbàlá. Ìjọ tí ó fẹ́ jókòó pọ̀ nílò ìyẹ̀wù gbàgbàdà; ẹni tí yóò sì ka ìwé nínú rẹ̀ nílò fèrèsé. Lójú tiwa, àyípadà yìí tóbi ju ti ilé ìṣọ́ àti agogo lọ.

Ìwé kíkà kò sì pẹ́ wọ ibẹ̀. Olóyè kan tí wọ́n ń pè ní Abẹrẹ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna Hinderer lọ́wọ́ láti kọ́. Orúkọ Yéjídé wà lára ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin kan ní Ìbàdàn títí di òní.

Ní 1860 ogun Ìjàyè bẹ́. Ọ̀nà Abẹ́òkúta àti ti Èkó dí, ẹrù kò wọlé mọ́, owó kò sì dé. Tọkọtaya náà ń ta aṣọ àti ohun èlò ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ní 1865 ni ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá láti Èkó láti mú Anna, tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára, kúrò níbẹ̀. Ó padà wá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Ní 1871 wọ́n fi Daniel Olúbí jẹ àlùfáà, ọmọ Yorùbá tí ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọwọ́ àwọn onílé ni Kúdẹtì wà.

Orúkọ St David's ni ìjọ náà ń jẹ́. Páànù ti rọ́pò koríko tipẹ́. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì Hinderer, tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ń pè ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ìlú wọn, ni àwọn àlejò máa ń béèrè jù.

Àwa tí a ń gbé láàárín ògiri banco mọ ohun tí ó ń dẹ́rù bani. Kì í ṣe òjò nìkan. Nígbà tí ilé àgbà bá sán, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Á dán fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń mí: omi tí ó bá fà láti ilẹ̀, ó fẹ́ gba ojú ògiri jáde. Sìmẹ́ńtì á dí i mọ́nú, amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa rọ̀ láìsí ẹni tí ó rí i, títí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi já wálẹ̀ pa pọ̀. (A kò bá sìmẹ́ńtì jà, ògiri búlọ́ọ̀kù ni kí ó lọ bá.) Amọ̀ ni oògùn amọ̀, pẹ̀lú òrùlé tí ó yọ àti ojú àgbàrá tí ó jìnnà sí ìpìlẹ̀. Ní Kambolé, kí ọ̀dọ́ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ rẹ́ ilé ìdílé kọ́kọ́ wá ọmọlé àgbàlagbà kan lọ, kí ó béèrè irú ilẹ̀ tí wọ́n wà mọ ọ́n àti ibi tí wọ́n ti wà á.

Ní Djenné, ní ilẹ̀ Mali, mọ́sálásí alámọ̀ ńlá tí wọ́n tún kọ́ ní 1907 ṣì dúró, nítorí pé gbogbo ìlú ń jáde lọ́dọọdún láti tún un rẹ́. Àwọn àgbà ọmọlé ni wọ́n ń gun ògiri. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń pò amọ̀ náà, wọ́n ń fò sínú rẹ̀, wọ́n ń ṣeré nínú rẹ̀ títí yóò fi kúnná.