Dídíwọ̀n Ìtọ́jú Àyíká Láàárín Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù: Shooting Stars Ìbàdàn Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ibi tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fìdí kalẹ̀ sí kí a tó sọ pé ó ń tọ́jú àyíká tàbí pé ó ń bà á jẹ́. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí i pé Forest Green Rovers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ó wá àtúnṣe sí gbogbo èéfín tí ó ń tú sí afẹ́fẹ́. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé òṣùwọ̀n ti òkèèrè yìí bá ilẹ̀ wa mu? Ẹgbẹ́ Shooting Stars ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìkòyí, Ìkirè àti Àpòmù.

Ohun tí a ó díwọ̀n
Ohun mẹ́rin ni: iná, ìrìnàjò, omi àti koríko pápá, pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ní ti èéfín, ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí. Èkíní ni èyí tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń tú jáde, bí i ti jẹnẹrétọ̀. Èkejì wá láti ara iná mànàmáná tí ó ń rà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń tú jáde nítorí rẹ̀, bí i ọkọ̀ àwọn òǹwòran. Ẹ̀kẹta yìí ni ó sábà máa ń pọ̀ jù, òun náà sì ni ó rọrùn jù láti fò dá.

Ìrìnàjò
Shooting Stars, tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1976 àti 1992, wà lára ẹgbẹ́ 20 tí ó kópa nínú líìgì wa ní sáà 2024/2025. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn odi nígbà 19. Láti Ìbàdàn dé Kánò nìkan lé ní 800 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì tí ó kún ń tú èéfín tí ó kéré sí ti bàálù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó ń gba ojú títì lọ lè gba máàkì ju àwọn olówó òkèèrè lọ. Ṣùgbọ́n àìní kì í ṣe ìtọ́jú. Bí owó bá dé lọ́la, bàálù lè rọ́pò bọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí olùdíwọ̀n ya ohun tí ẹgbẹ́ pinnu láti ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ipò rẹ̀ sọ ọ́ di dandan.

Ìdọ̀tí
Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé 10,000 òǹwòran wà ní pápá Lékan Sàlámì ní Adámásìngbà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mu píọ̀ wọ́tà méjì. Ọ̀rá 20,000 ni yóò ṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí òjò bá gbá wọn wọ gọ́tà, ìlú ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 àti ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 gba ẹ̀mí púpọ̀ ní Ìbàdàn; òjò ńlá ni ó fà á, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi dá kún un. Ìdí nìyí tí ìdọ̀tí fi yẹ kí ó gba máàkì tí ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa.

Ìlò rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́
Nínú 100, àbá wa ni pé kí ìdọ̀tí ní 35, kí iná ní 25, kí ìrìnàjò ní 25, kí omi àti pápá sì ní 15. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi àkọsílẹ̀ owó epo àti ti omi hàn kò gbọdọ̀ gba máàkì lórí wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Olùkọ́ tí ó wà ní Ìkòyí lè bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rá tí ó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìdíje, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá jábọ̀ fún kíláàsì.

Ìkádìí
Òṣùwọ̀n tí ó dára ni èyí tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn olùkọ́ bá kọ́ ọmọ láti ka ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kò ní rọrùn fún ẹgbẹ́ kankan láti fi orúkọ ìtọ́jú àyíká lásán tan wá jẹ.