Aṣọ Tó Ń Ṣe Iṣẹ́ Ògiri: Ṣíṣe Fèrèsé àti Yàrá Lọ́ṣọ̀ọ́ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ní Ajégúnlẹ̀, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ní Èkó, àti ní àwọn àdúgbò Àpápá tó fara tì í, aṣọ tí wọ́n ń ta sí ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé, òun gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ ògiri. Èyí yé ẹni tó bá mọ irú ilé tí wọ́n ń pè ní “face me, I face you”, ìyẹn ilé tí yàrá tò sí apá ọ̀tún àti apá òsì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo la àárín wọn kọjá, tí ilẹ̀kùn ẹnì kan sì dojú kọ ti ẹnì kejì. Bí ooru bá mú tí iná kò sì sí, ńṣe ni àwọn ayálégbé máa ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá dé fèrèsé, kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà nìkan ni yóò sì kù láàárín ẹni tó sùn àti gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sí balùwẹ̀. Nínú yàrá kan náà, kọ́tìnì mìíràn ló máa ń pààlà sáàárín ibùsùn àti ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí yàrá kan yóò fi di méjì láìsí bíríkì. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ rán kọ́tìnì fúnra rẹ̀ tó ronú nípa àwọ̀ àti bátànì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí aṣọ náà ń bọ̀ wá ṣe.

Nípa ti ooru, ibi tí fèrèsé kọjú sí ló ṣe pàtàkì jù. Èkó kò jìnnà púpọ̀ sí ìlà agbedeméjì ayé, ìyẹn ìlà tí àwọn onímọ̀ fọkàn fà láti pín ayé sí ìhà àríwá àti ìhà gúúsù, nítorí náà òkè òrùlé ni oòrùn ọ̀sán sábà máa ń wà, fèrèsé tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn ni ìtànṣán rẹ̀ sì máa ń wọ̀ tààrà. Ti ìwọ̀-oòrùn ló burú jù, torí pé ògiri ti gbóná láti ọ̀sán kí oòrùn tó yí dé ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ra aṣọ tó nípọn gan-an láti fi dènà rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀, ó ti la ojú gíláàsì kọjá, ooru rẹ̀ sì ti wọlé, aṣọ náà yóò sì tún dí atẹ́gùn tí ì bá gbé ooru náà jáde. Ìta ni ó yẹ kí wọ́n ti dá oòrùn dúró. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti ilẹ̀ Brazil ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mọ èyí nígbà tí wọ́n ń ṣe fèrèsé onípákó sára ilé wọn ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ya àwòrán ọ̀pọ̀ ilé Yunifásítì Ìbàdàn, náà tẹnu mọ́ ìbòòji àti atẹ́gùn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru.

Ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ayálégbé láti fi ṣe irú ìbòòji bẹ́ẹ̀ ni ẹní. Àwọn Ìlàjẹ, tí wọ́n pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ti jẹ́ ahunní láti ayébáyé, ẹní tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ sùn sì lè di ohun tí wọ́n ń ká sókè sódò lójú fèrèsé. Wọn yóò kan orí ẹní náà mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọn yóò sì so pákó mìíràn mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè wúwo, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e. Lẹ́yìn náà, wọn yóò so okùn méjì mọ́ pákó òkè láti ẹ̀yìn, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì. Okùn kọ̀ọ̀kan yóò gba ẹ̀yìn ẹní sọ̀kalẹ̀, yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò gba iwájú gòkè padà, yóò sì wọ inú òrùka kékeré kan tí wọ́n ti fi sára pákó òkè, kí wọ́n tó wá da orí okùn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fa okùn náà, ìsàlẹ̀ ẹní ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ká ara rẹ̀ bọ̀ lókè, wọn yóò sì so ó mọ́ ìṣó níbi tí wọ́n bá fẹ́ kí ó dé. Kí ẹní náà jìnnà sí ògiri tó ìbú ọwọ́ kan, pàápàá níbi tí fèrèsé bá jẹ́ onílúfà, ìyẹn fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó ń dagun síta, nítorí pé lúfà nílò àyè láti ṣí, atẹ́gùn sì nílò àyè láti gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Òjò ni ọ̀tá ẹní. Ẹni tí kò bá ká a sókè nígbà òjò yóò rí i pé ó ti jẹrà kí ọdún tó yí po.

Ní ti kọ́tìnì inú ilé, wíwọn ni iṣẹ́ tó lè jẹ́ kí owó ṣòfò tàbí kí ó ṣẹ́ kù. Bí fèrèsé kan bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ìyẹn íǹṣì 48, páìpù rẹ̀ yẹ kí ó gùn tó íǹṣì 60, kí ó lè fi íǹṣì 6 yọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lè fa aṣọ kúrò pátápátá lójú fèrèsé bí wọ́n bá ń fẹ́ atẹ́gùn. Aṣọ tí fífẹ̀ rẹ̀ bá ṣe déédéé páìpù nìkan yóò nà gbọnrangandan bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, kò ní ní ìṣẹ́po kankan; ìlọ́po méjì ni àwọn télọ̀ sábà máa ń lò, ìyẹn íǹṣì 120, tó túmọ̀ sí awẹ́ méjì bí aṣọ náà bá fẹ̀ ní íǹṣì 60. Bí gígùn tí wọ́n fẹ́ láti páìpù dé ìsàlẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 84, wọn yóò fi íǹṣì 4 kún un fún òkè níbi tí páìpù yóò gbà wọlé, àti íǹṣì 6 fún ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ tí wọn yóò ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí gbogbo rẹ̀ yóò di íǹṣì 94 fún awẹ́ kan àti 188 fún awẹ́ méjì. Níwọ̀n bí ọ̀pá aṣọ kan ti jẹ́ íǹṣì 36, ọ̀pá márùn-ún àbọ̀ ni wọn yóò rà, íǹṣì 10 tó bá ṣẹ́ kù yóò sì di ìgbànú tí wọn yóò fi máa gbá kọ́tìnì náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ọ̀sán. Kí wọ́n rẹ aṣọ òwú sómi kí ó gbẹ kí wọ́n tó gé e, torí pé ó máa ń súnkì nígbà ìfọ̀ àkọ́kọ́, kọ́tìnì tó bá sì súnkì lẹ́yìn rírán kò ní àtúnṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé ríìngì onírin tàbí onírọ́bà ni wọ́n fẹ́ fi sí orí aṣọ dípò ihò páìpù, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Nígbà tí ríìngì bá jẹ́ mẹ́jọ, etí aṣọ lápá méjèèjì yóò kọjú sí ògiri. Nígbà tí ó bá jẹ́ méje, etí kan yóò kọjú sí ògiri, èkejì yóò ta síta, kọ́tìnì náà kò sì ní bálẹ̀ láéláé. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ló ń fi iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, kò sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Nínú òkírìkà, ìyẹn aṣọ àlòkù tó ń ti òkè òkun dé ní béèlì, tí wọ́n ń tà ní ọjà bíi Kàtángúà ní Abúlé Ẹ̀gbá, kọ́tìnì àti aṣọ ibùsùn tó ṣì lágbára máa ń wà. Kí ẹni tó ń rà á gbé e sókè sí ojú oòrùn, torí pé ibi tó ti gbó yóò yàtọ̀ sí ibi tí kò tíì gbó. Àpò dúfẹ́, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ń bo kùbúsù tó nípọn, dára jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ó ti ní ojú méjì tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti tú ìdí rẹ̀, ó ti di kọ́tìnì tó ní aṣọ abẹ́. Àǹkárá náà lè ṣiṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kò sábà fẹ̀ ju nǹkan bí íǹṣì 46 lọ, nítorí náà ọ̀pá mẹ́fà rẹ̀ kò lè kúnjú fèrèsé tí a mẹ́nu bà lókè bí ó ti yẹ, àfi bí wọ́n bá fi aṣọ aláwọ̀ kan ṣe etí rẹ̀ kí ó lè fẹ̀ sí i. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹn aṣọ tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta máa ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí ó pọ̀ ní ọjà Ìtòkú, rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ aró. Ibi tó tọ́ sí i ni àárín yàrá, níbi tí ó ti ń pààlà, kì í ṣe ojú fèrèsé. Bí ó bá sì di dandan kí ó wà lójú fèrèsé, kí wọ́n fi tẹ́rú, aṣọ funfun gbalasa tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣe aṣọ abẹ́ fún un.

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò nílò àlàyé díẹ̀. Ní ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ ìta pọ̀ ju ti inú lọ, nítorí náà ẹni tó wà níta kò lè rí inú ilé. Ní alẹ́, bí wọ́n bá tan iná, ọ̀rọ̀ náà yóò yí padà, gbogbo ohun tó ń lọ nínú yàrá ni àdúgbò yóò sì máa wò. Fún ìdí èyí, yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí òpópó nílò aṣọ méjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ọ̀sán, èyí tó ṣú fún alẹ́. Ní ti kọ́tìnì tó pààlà láàárín yàrá, kò yẹ kí ó di òkè pátápátá, torí pé yóò há atẹ́gùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rán ẹsẹ̀ bàtà kan òkè rẹ̀, ojú kò ní ríran kọjá, fáànù kan ṣoṣo yóò sì tó fún apá méjèèjì.

Páìpù oníke tí àwọn oníná ń gba wáyà inú rẹ̀ kọjá, tó máa ń jẹ́ mílímítà 20 tàbí 25, lè rọ́pò ọ̀pá kọ́tìnì olówó ńlá. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń tẹ̀ láàárín bí aṣọ bá wúwo. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n ki ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá búrúùmù sínú rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún ní ọ̀dà. Níbi tí sítóòfù, àbẹ́là tàbí oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń dáná sí bá wà, kí kọ́tìnì má ṣe gùn dé ilẹ̀, kí wọ́n sì yẹra fún pọ́líẹ́sítà, tí iná máa ń yọ́, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ ara ẹni tó bá kàn.

Àpápá ní ohun kan tí àdúgbò mìíràn ní Èkó kò ní tó bẹ́ẹ̀, èyí ni pákó pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkàsọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé lórí nínú ọkọ̀ òkun. Nítorí èbúté tó jinlẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1921, àti èbúté Tin Can Island tó ṣí ní ọdún 1977, igi tó bá ẹrù wọlé ti di ohun tí àwọn káfíńtà ń rà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé irú igi bẹ́ẹ̀ wọ yàrá, kí ó wá òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sára rẹ̀. Òfin àgbáyé kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ISPM 15, pàṣẹ pé kí wọ́n pa kòkòrò inú igi tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, kí wọ́n sì kọ ọ̀nà tí wọ́n gbà pa á sára igi náà. HT túmọ̀ sí pé wọ́n yan igi náà títí inú rẹ̀ fi gbóná dé ìwọ̀n Celsius 56 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì léwu fún ilé. MB túmọ̀ sí pé gáàsì olóró tó ń jẹ́ methyl bromide ni wọ́n lò, irú igi bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí ó di pẹpẹ ìwé tàbí ìjókòó ọmọdé. Èyí tí òróró tàbí kẹ́míkà ti ta sí lára kò yẹ ní rírà, òǹtẹ̀ yòówù tí ì báà ní. Ìṣó pálẹ́ẹ̀tì máa ń lọ́ bíi síkúrù, bí wọ́n bá sì fi ipá fà á, pákó yóò là sí méjì. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń ṣe ni pé wọn yóò ki abẹ ayùn onírin sáàárín pákó méjì, wọn yóò sì gé ìṣó náà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi sáńpépà họ ọ́, pákó bẹ́ẹ̀ dára fún àpótí tó ń bo orí páìpù kọ́tìnì, àti fún férémù tí wọ́n ń na àdìrẹ sí láti fi gbé kọ́ ara ògiri.

Férémù sàn fún ògiri Ajégúnlẹ̀ ju bébà ògiri tí wọ́n ń lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi máa ń gba ìpìlẹ̀ fà sókè sínú ògiri, ohunkóhun tí wọ́n bá sì lẹ̀ mọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò há ọ̀rinrin mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, yóò hu ewu, yóò sì ṣí. Férémù tó jìnnà díẹ̀ sí ògiri ń jẹ́ kí ògiri mí, ọjọ́ tí ayálégbé bá sì ń kó lọ, yóò já a, yóò sì gbé e lọ, bí yóò ti gbé ẹní, páìpù àti kọ́tìnì rẹ̀ lọ. Ti ọ̀dà kíkùn àti fèrèsé pípààrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara ilé onílé ni wọ́n máa ń wà. Òfin ilé yíyá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé ayálégbé tó bá fi ìwé gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ó tó tún ilé ṣe lè béèrè owó àtúnṣe náà bí onílé bá ní kí ó kó jáde. Òfin yẹn de Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ Àpápá sílẹ̀, pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Àpápá gbọ́dọ̀ rí i pé wọ́n kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ilé rẹ̀, kí ó tó ra ọ̀dà.