Ojú Kejì Lórí Tábìlì

Ẹni tí ó bá ti jókòó rí láti yẹ ìwé Yorùbá wò, tí ó ń fi àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wé ti àfọwọ́kọ òǹkọ̀wé, tí ó sì jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó ní, ẹni náà ni yóò mọ ìyà tí mo jẹ fún ọdún púpọ̀: kí á ṣí èyí, kí á bo tọ̀hún, kí á tó padà síbi tí a ti kúrò, àmì tí a há sórí ti fò lọ. Ojú lọba ara, ṣùgbọ́n ọba tí a kò jẹ́ kí ó rí ẹlẹ́jọ́ méjèèjì pọ̀, báwo ni yóò ti dájọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi so mọ́nítọ̀ kejì mọ́ ẹ̀rọ mi. Síbẹ̀, àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Mọ́nítọ̀ méjì tí kò sí ètò tí ó mú wọn ṣọ̀kan a máa da iṣẹ́ rú ju ẹyọ kan lọ. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí. Níbi tí Windows pè ní Display, ẹ óò rí àpótí méjì, 1 àti 2, tí ẹ óò fi máòsì wọ́ títí wọn yóò fi tò bí mọ́nítọ̀ ti tò lórí tábìlì yín gan-an. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: bí mọ́nítọ̀ kejì bá wà lápá òsì, tí kọ̀ǹpútà sì gbà pé ọ̀tún ni ó wà, ọfà máòsì yóò máa forí sọ etí gíláàsì bí ẹni tí ó ń wá ilẹ̀kùn lára ògiri.

Lílo mọ́nítọ̀ méjì kì í ṣe ohun tuntun: láti 1987 ni kọ̀ǹpútà Macintosh II ti lè lo ju mọ́nítọ̀ kan lọ, Windows 98 sì mú àǹfààní náà wọ agbo Windows. Ṣùgbọ́n títí Windows 8 fi dé ní 2012, orí mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí àmì iṣẹ́ wa ń tò sí máa ń wà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi UltraMon àti DisplayFusion ni wọ́n dí àlàfo yìí, tí wọ́n fi ọ̀pá náà sórí mọ́nítọ̀ gbogbo.

Ètò tí mo fẹ́ràn jù ni FancyZones, tí ó wà nínú àkójọ ètò PowerToys tí Microsoft ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àgbẹ̀ ti ń pa ààlà oko ni ẹ óò pín ojú mọ́nítọ̀ sí abala-abala. Ẹ di Shift mú bí ẹ ti ń wọ́ fèrèsé iṣẹ́ yín, yóò sì bọ́ sínú abala tí ẹ yàn fún un wẹ́kú. Ẹni tí ó ní ju kọ̀ǹpútà kan lọ, títí dé mẹ́rin, yóò rí Mouse Without Borders níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ń jẹ́ kí máòsì kan ṣoṣo máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì.

Bí iná mànàmáná bá lọ, tí bátìrì gbé ẹ̀rọ alágbèéká dúró tí mọ́nítọ̀ kejì sì ṣókùnkùn, nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀, iṣẹ́ yóò sì há sínú òkùnkùn náà. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ di bọ́tìnnì Windows àti Shift mú, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọlọ́fà tí ó kọjú sí ọ̀tún tàbí òsì, àfọwọ́kọ yín yóò sì rìn padà wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.