Òjò Rọ̀ Lóru, Ta Ni Yóò Ṣílẹ̀kùn?

Àwọn àgbà ní òjò tó pọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí wàhálà bá dé, ẹni tí kò jẹ́ bá ni gbélé tẹ́lẹ̀ yóò wá ibi forí pamọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, ni èyí: bí ẹyẹlé bá dé ẹnu ọ̀nà, tí adìẹ sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ orí ara rẹ̀ ńkọ́?

Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ti ara wa.

Ní oṣù keje ọdún 2018, òjò kan rọ̀ ní Abẹ́òkúta tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbàgbé. Àgbàrá ya wọ ilé ní Ìjẹùn-Títun àti ní àwọn àdúgbò mìíràn, ó wó ògiri, ó gbé ọkọ̀, ó sì mú ẹ̀mí lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin kan pọn ọmọ kan, ó fa méjì lọ́wọ́, ó wá sí ẹnu géètì ìjọ tí a ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ nígbà náà. Ọlọ́dẹ wa kò ṣí i. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwa fúnra wa ni a pàṣẹ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni lóru, nítorí pé àwọn olè ti kó ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa lọ ní ọdún tó ṣáájú. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí a dé ní àárọ̀, ara ọmọ àárín ti gbóná bí iná. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá. Iná àtùpà ọlọ́dẹ yín la rí láti ọ̀nà jíjìn, òun la tẹ̀ lé.” Kò bínú, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ju ìwàásù tí ẹnikẹ́ni lè wà wá lọ. Iná wa pè é, ilẹ̀kùn wa sì lé e padà.

ÌLÚ TÍ ÀWỌN TÍ KÒ NÍLÉ TẸ̀DÓ

Bí ìlú kan bá wà tí kò yẹ kí ó kọ ẹni tí kò nílé, Abẹ́òkúta ni. Kí ni orúkọ ìlú wa ń sọ? Ogun ló tú àwọn Ẹ̀gbá ká ní ilé wọn, tí wọ́n fi ń sá kiri. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ Òkè Olúmọ. Ihò inú àpáta náà ni àwọn kan kọ́kọ́ sùn sí, kí wọ́n tó rí amọ̀ po láti mọ ilé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn Òwu tí ogun lé kúrò nílùú wọn dé, a sì fún àwọn náà ní àyè. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Dàhọ̀mì gbógun wá ní 1851 àti 1864, Olúmọ ló tún bo àwọn aláìlágbára. Baba ńlá wa kò bèèrè lọ́wọ́ àpáta pé ta ló ni ín. Wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yè.

Ìtàn kejì kan àwa onígbàgbọ́ gan-an. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ẹrù inú ilé ìjọsìn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá lọ sí Èkó láìní ibi tí wọn yóò sùn. Gómìnà Glover ló fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, tí wọ́n fi kọ́ ilé síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí aláìnílé lónìí, kí a rántí pé ẹnìkan ló gba baba ìgbàgbọ́ wa sílé nígbà kan rí.

ÀWỌN WO NI ALÁÌNÍLÉ?

Ẹlòmíràn á ní, “Ní ilẹ̀ Yorùbá kẹ̀? Ta ni kò ní mọ̀lẹ́bí?” Ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ẹ rìn gba Láfẹ́nwá tàbí Kútọ̀ kọjá lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, ẹ ó rí wọn lórí páálí àti lábẹ́ tábìlì àwọn ọlọ́jà.

Àwọn kan wà tí omi lé jáde. Odò Ògùn ń ṣàn gba Láfẹ́nwá kọjá, bí wọ́n bá sì ṣí omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, èyí tí a ṣí ní 1983, odò náà a tún kún sí i. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìkún omi ọdún 2012 pa ènìyàn 363, ó sì lé iye tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé. Ti ọdún 2022 pa ènìyàn tó ju 600 lọ.

Àwọn kan wà tí iná jó ilé wọn. Àwọn opó wà tí mọ̀lẹ́bí ọkọ lé jáde kí omijé tó gbẹ lójú wọn. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà tó sá kúrò níbi tí wọ́n ti ń lù wọ́n. Àwọn ayálégbé sì wà tí onílé kó ẹrù wọn síta. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin kò fún onílé láṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ lé ayálégbé jáde láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́, bí ó ti wù kí owó tó jẹ pọ̀ tó. Bí lọ́yà bá wà nínú ìjọ yín, ẹ jẹ́ kí ó fi ọgbọ́n rẹ̀ sin Olúwa nípa bíbá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé náà wà, àwọn tí a máa ń sá fún. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn Arọ́ tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ó fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sílé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Arọ́ ká, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn kan láti máa tọ́jú wọn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á wá gba ìtọ́jú. Bí ó bá di alẹ́, wọ́n á padà sínú ilé àwọn ènìyàn. Àwọn àgbẹ̀ tí kò kàwé ló gba àwọn wọ̀nyí sílé. Kí ni àwa tí a ń ka Bíbélì lójoojúmọ́ yóò wí?

ALẸ́ ÀKỌ́KỌ́ NI Ó ṢÒRO JÙ

Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, NEMA, ti wà láti 1999. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní tirẹ̀ tí ń jẹ́ OGSEMA, Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa sì wà pẹ̀lú. Nọ́ńbà pàjáwìrì tí a lè pè ni 112. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń sọ di ibùdó. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó dé, kí wọ́n tó wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó kó àga kúrò, ilẹ̀ ti mọ́. Láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, ilé tó sún mọ́ni jù, tó ní òrùlé, tó sì ṣófo, ilé ìjọsìn ni.

Ẹ wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 27 àti 28. Ènìyàn 276 ló jáde láti inú ọkọ̀ tó rì. Ẹlẹ́wọ̀n wà nínú wọn, ọmọ-ogun wà nínú wọn, Pọ́ọ̀lù sì wà nínú wọn. Àwọn ará Mélítà kò kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò láti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀daràn. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, wọ́n sì dá iná fún wọn. Lẹ́yìn náà ni olórí erékùṣù náà gbà wọ́n sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn: iná ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé, lẹ́yìn náà ni ìwòsàn tí Ọlọ́run ṣe láàárín wọn. Àwa a máa fẹ́ kí iṣẹ́ ìyanu ṣáájú iná dídá.

OHUN TÍ ÌJỌ LÈ ṢE

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obìnrin náà, àwọn alàgbà wa jókòó. Àríyànjiyàn wà, a kò ní purọ́. Alàgbà kan ní, “Pásítọ̀, bí wọ́n bá tún jí ẹ̀rọ wa kó ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Màmá kan nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ló dáhùn pé, “Ẹ jẹ́ kí a ti ẹ̀rọ mọ́lé, kí a ṣílẹ̀kùn fún ènìyàn.” Ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a sọ àwọn ohun tí a kọ́, bóyá yóò ran ìjọ yín lọ́wọ́.

1. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti múra. Òjò a máa le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, a sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ẹní, aṣọ ìbora, àtùpà, garawa, ọṣẹ àti omi mímu kò ju ohun tí ẹgbẹ́ kan lè kó jọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ilé ìjọsìn yín náà: bí ó bá wà ní ojú àgbàrá, kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

2. Ẹ yan ẹni mẹ́ta tí ilé wọn sún mọ́ ìjọ, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Kí ọlọ́dẹ ní nọ́ńbà fóònù wọn, kí ó sì mọ̀ pé a kò ní bá òun wí bí ó bá jí wọn lóru.

3. Kí ọkùnrin sùn lọ́tọ̀, kí obìnrin àti ọmọdé sùn lọ́tọ̀. Kí àgbà méjì máa ṣọ́ ibẹ̀ ní gbogbo òru, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ, má dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Ìkookò a máa wọ awọ àgùntàn.

4. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó wọlé sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tó dá wá, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè àwùjọ létí ní kíákíá.

5. Ẹ má fi oúnjẹ ra ọkàn. Mùsùlùmí á wá, abọ̀rìṣà á wá. Ará Samáríà inú Lúùkù orí 10 kò bèèrè ibi tí ẹni tí wọ́n ṣá lọ́gbẹ́ ti ń jọ́sìn kí ó tó sanwó ilé àlejò fún un.

6. Láti ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti máa bèèrè pé: ibo ló kàn? Ta ni mọ̀lẹ́bí? Kí ni iṣẹ́ ọwọ́? Ẹní ilé ìjọsìn kì í ṣe ilé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ sì bá a gbàdúrà lọ́nà.

Bí ẹrù náà bá wúwo fún ìjọ kan, ẹ pín in. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àkókò òtútù, àwọn ìjọ méje a máa parapọ̀: ọ̀kan gba Ọjọ́ Ajé, òmíràn gba Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí ọ̀sẹ̀ yóò fi yí po. Kò sí èyí tí ó ṣílẹ̀kùn ju alẹ́ kan lọ lọ́sẹ̀, síbẹ̀ aláìnílé ń rí ibi sùn lójoojúmọ́. Iṣẹ́ yìí pẹ́ níbẹ̀. William Booth tó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Ìgbàlà sílẹ̀ rí àwọn tó sùn síta níbi afárá Lọ́ńdọ́nù, ó sì rán ọmọ rẹ̀ pé kí ó wá nǹkan ṣe. Ní 1888 ni wọ́n ṣí ilé ìsùn wọn àkọ́kọ́ ní Limehouse. Ilé ìkẹ́rùsí lásán ni tẹ́lẹ̀. Ṣé kò sí ìjọ méje láàárín Ìta-Ẹ̀kọ́ sí Àsérò?

ỌMỌ ÀÁRÍN

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ó ti rí fún obìnrin náà. A gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ara rẹ̀ sì yá. Ìyá àti àwọn ọmọ sùn ní yàrá ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa fún òru mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ọ̀dẹ̀dá, ó kó wọn lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó padà sí ìgboro, ó gba yàrá kan ní òkè, níbi tí omi kò lè dé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀kọ. Kò di ọmọ ìjọ wa. Ibòmíràn ló ń jọ́sìn, a sì ń kí ara wa lọ́nà.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Bí ó bá rí wa, á dọ̀bálẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ó rántí abẹ́ páànù télọ̀. Àwa rántí.

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ bi olùṣọ́ ìjọ yín léèrè: bí òjò bá dé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ má bá a jà. Ẹ ní ẹ fẹ́ wà lára àwọn mẹ́ta tí yóò mú un lọ́wọ́.

Kí Olúwa tí kò rí àyè nínú ilé àlejò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù má ṣe bá ilẹ̀kùn wa ní títì. Àmín.