Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Gíláàsì Tẹlifíṣọ̀n Tí Ẹ Fẹ́ Rà

Tẹlifíṣọ̀n tuntun pọ̀ ní pálọ̀ wa báyìí tó jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti elẹ́yìn ńlá tí wọ́n gbé kúrò níbẹ̀ lọ. Wọ́n kọ HD gàdàgbà sára páálí rẹ̀, ọlọ́jà kò sì parọ́. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí ẹ bá bá wáyà olórí mẹ́ta níbẹ̀, yẹ́lò, pupa àti funfun, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Orí yẹ́lò nìkan ló ń gbé àwòrán, àwọn méjì tó kù ń gbé ohùn, ìlà àwòrán tí yẹ́lò sì lè gbé kò ju 576 lọ. Díkódà lè jẹ́ HD, kí tẹlifíṣọ̀n náà jẹ́ HD, wáyà yẹn á ti dín àwòrán kù kó tó dé ojú gíláàsì. Wáyà HDMI ló máa yanjú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ torí pé ọ̀nà àwòrán jìn. Á kúrò nílé iṣẹ́ tó gbé e sáfẹ́fẹ́, á gba inú díkódà, á gba inú wáyà, á dé ojú gíláàsì, kó tó wọ ojú ẹni tó jókòó sórí àga. Ibi tí agbára rẹ̀ bá kéré jù nínú gbogbo wọn ni àwòrán máa mọ sí. Ẹni tó bá dé ọjà tó ń wo nọ́ńbà ara páálí nìkan, ibi kan ṣoṣo lójú ọ̀nà yẹn ló ń náwó lé lórí.

Irú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi wo WNTV n'Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìtànṣán kan ló ń sáré láti òsì sí ọ̀tún lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, tó ń ya àwòrán ní ìlà-ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìlànà PAL tí a wá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlà 625, 576 nínú wọn ló ń gbé àwòrán. Tẹlifíṣọ̀n òde òní kì í ya ìlà. Àmì wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní píksẹ́lì ni wọ́n tò sójú rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró lójú kan. HD tó kéré jù ní 1280 níbùú, 720 lóòró. Full HD ní 1920 níbùú, 1080 lóòró, ìyẹn lé ní mílíọ̀nù méjì píksẹ́lì. 4K ní 3840 níbùú, 2160 lóòró, ó sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé kámẹ́rà fóònù yín sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń tàn títí yóò fi kù díẹ̀ kó kàn án, kí ẹ wá fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Lójú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ẹ ó rí i pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Kò sí funfun níbẹ̀, kò sí yẹ́lò. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ló ń fi hàn, funfun agbádá ọkọ ìyàwó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ tàn dáadáa. Yẹ́lò gèlè ìyá rẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé ló tàn, búlúù ló kú. Ojú wa ló ń pò wọ́n pọ̀, torí pé wọ́n kéré ju ohun tó lè yà sọ́tọ̀ láti orí àga lọ.

Ibo wá ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń wá? Ohun tó ń mú kí tẹlifíṣọ̀n kan dára ju èkejì lọ wà nínú ìdáhùn yìí, páálí kì í sì í ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ LED sí lára, LCD ni gíláàsì rẹ̀; LED ni àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ tó ń tàn lẹ́yìn. Iwájú gílóòbù wọ̀nyí ni kírísítà olómi wà, ohun tí Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ará Austria, kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lọ́dún 1888 nígbà tó ń yẹ nǹkan tó yọ lára kárọ́ọ̀tì wò. Bí iná mànàmáná bá kàn án, á yí ipò padà, á sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tàbí kó dí i lọ́nà. Bí fèrèsé lúfà ló ṣe ń ṣiṣẹ́: oòrùn kò kúrò níta, gíláàsì lúfà ni ẹ̀ ń ṣí, òun náà ni ẹ̀ ń pa dé. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní lúfà mẹ́ta tirẹ̀. Bó ti wù kí wọ́n pa lúfà dé tó, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á ṣì yọ́ kọjá, ìdí nìyẹn tí òkùnkùn fi ń rí bí eérú lójú LCD olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ fi fíìmù Yorùbá dán an wò, ibi tí babaláwo ti ń dáfá lóru pẹ̀lú fìtílà kan ṣoṣo. Lójú gíláàsì tí kò dára, aṣọ rẹ̀ àti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á di ọ̀kan náà. Èyí tó dára jù ú lọ máa ń pín gílóòbù ẹ̀yìn sí agbègbè-agbègbè, kí ti ibi tó ṣókùnkùn lè rẹlẹ̀ nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ fìtílà ń tàn.

Gíláàsì LCD fúnra rẹ̀ kì í ṣe irú kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní VA máa ń mú òkùnkùn dúdú dáadáa, àmọ́ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí i pé àwọ̀ ṣá. IPS kì í ṣá lójú ará ẹ̀gbẹ́, àmọ́ òkùnkùn rẹ̀ kò dúdú tó ti VA. Ní pálọ̀ tí bàbá wà níwájú, tí ìyá wà lápá ọ̀tún, tí àwọn ọmọ tò sílẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, èmi á mú IPS. Bí ọlọ́jà kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà kí ẹ máa wo ojú èèyàn tó wà nínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ.

OLED kò ní gílóòbù ẹ̀yìn rárá. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀, èyí tó bá kú kú pátápátá, òkùnkùn á sì dúdú bí kóró iṣin. Kò sí èyí tó rẹwà tó o. Ṣùgbọ́n píksẹ́lì tó bá ń ṣiṣẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ máa ń tètè gbó. Nílé tí ìkànnì ìròyìn kan ti ń tàn láti àárọ̀ di alẹ́, àmì ìkànnì náà lè fi ojú àpá sílẹ̀ ní igun gíláàsì. Mi ò ní gba irú ilé bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra OLED, bówó bá tilẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ 4K wá ńkọ́? Téèpù ìwọnlẹ̀ ló máa dá a lóhùn. Ẹ wọn ibi tí àga wà sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa wà. Ojú tó ríran dáadáa, bó bá wà ní mítà mẹ́ta, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àárín wọn bá dín ní nǹkan bíi 0.9 mìlímítà. Tẹlifíṣọ̀n 43 íńṣì, tí wọ́n wọ̀n láti igun dé igun, fẹ̀ ní nǹkan bíi 95 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá jẹ́ Full HD, píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Lórí àga yẹn, Full HD àti 4K kò yàtọ̀ síra lójú ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn. Èyí tó jẹ́ 65 íńṣì, tí ẹ jókòó sí mítà méjì sí i, ibẹ̀ ni 4K ti ń wúlò. Bí iye wọn bá bára mu, ẹ mú 4K. Bí ti 4K bá wọ́n jù, owó tó lé yẹn sàn lórí gíláàsì tó dára tàbí tẹlifíṣọ̀n tó tóbi sí i.

Ohun tí ẹ̀ ń wò náà ní láti tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù Yorùbá ayé VHS, èyí tí a tà káàkiri láàárín ọdún 1990 sí 1999, kò lè di HD láéláé. Tẹlifíṣọ̀n á wo píksẹ́lì méjì, á fojú bu ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn, á sì kún un. Èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe á ṣe é lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò lè dá ohun tí kámẹ́rà kò rí. Bó bá jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń wò ó, Netflix sọ pé HD lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan, 4K sì lè jẹ tó 7 GB. Kí ẹ fi èyí ṣírò dátà yín.

Ẹ wo wáátì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Gílóòbù ẹ̀yìn LCD ló ń jẹ iná jù, lójú èyí tí kò pín agbègbè, kì í sì í sinmi bí àwòrán bá ṣókùnkùn. Tẹlifíṣọ̀n 150 wáátì tó tàn fún wákàtí mẹ́rin ti jẹ 600 wáátì-wákàtí. Báńtìrì ínfátà 12 fóòtì tó jẹ́ 200 Ah, 2400 wáátì-wákàtí ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, báńtìrì olómi kò sì fẹ́ kí a fà á ju ìdajì lọ. Díkódà àti fáànù ṣì ń dúró. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n lè gba iná láti 100 dé 240 fóòtì, nítorí náà iná tó rẹlẹ̀ kì í sáábà pa á. Iná tó fò sókè nígbà tí wọ́n dá a padà ló ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Ẹ ra ohun ìdáàbòbò tó máa dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná kọjá.

Àwòrán òdòdó àti ẹyẹ tó ń dán gbinrin ní ṣọ́ọ̀bù, ipò Vivid ni wọ́n fi í sí, gílóòbù rẹ̀ sì ń tàn dé òpin agbára rẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ fi sí Standard tàbí Movie, kí ẹ fa Backlight wálẹ̀ títí funfun kò fi ní máa gún yín lójú lálẹ́. Iná á dín, gílóòbù á sì pẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, pàápàá fún tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán funfun láúláú sójú rẹ̀, lẹ́yìn náà dúdú, lẹ́yìn náà pupa. Nínú funfun lẹ máa ti rí ibi tí gílóòbù ti rẹ̀, tó ṣú bí òjìji. Nínú dúdú lẹ máa ti rí píksẹ́lì tí kò lè kú, nínú pupa sì ni èyí tí pupa rẹ̀ kò lè tàn. Èyí tó bá ní òjìji, kí wọ́n gbé òmíràn jáde.