Ọ̀RỌ̀ ADMIN: Ta ni Reuben Abati, ẹnu ta ló sì ń fi sọ̀rọ̀?

Ará Mile 1, ará Mile 3, ará Creek Road, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná Oil Mill ní gbogbo Ọjọ́rú, mo kí yín. Admin yín ni. A ti ní kí wọ́n kọ ohùn yìí sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò tó, àti ẹ̀yin tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnì kan ju fídíò Dókítà Reuben Abati sí gúrúùpù, fídíò ìgbà tó ń ṣe agbẹnusọ fún Ààrẹ Jonathan. Kò kọ ọjọ́ sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń bú u pé ìjọba òní ló ń gbèjà. Àwọn míì ti gbé e lọ sí gúrúùpù àdúgbò wọn, níbi tí lándílọ́ọ̀dù wọn wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àlejò la jẹ́ nílùú yìí. Tí ọmọ Yorùbá kan bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwa tá a gba ṣọ́ọ̀bù ní Diobu ni wọ́n máa ń bi pé kí ni ẹ̀gbọ́n yín ń wí yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ọkùnrin yìí dáadáa.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọdún 1965 ni wọ́n bí i. Kò jìnnà sí wa níbí tó ti kàwé àkọ́kọ́, Yunifásítì Calabar ni. Iṣẹ́ eré ìtàgé ló kọ́ o, kì í ṣe òṣèlú. Lẹ́yìn náà ló gba oyè dókítà ní Ìbàdàn lọ́dún 1990, kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ó tún padà lọ kọ́ òfin ní LASU. Ibi táwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n jù ni ìwé ìròyìn The Guardian, níbi tó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ olóòtú láti 2001 sí 2011. Àwọn ìgbìmọ̀ yẹn ló ń kọ èrò ti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀, èyí tí wọn kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí. Àmọ́ ó tún ní ojú ìwé tirẹ̀ tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ tí ìyẹn bá jáde, àwọn kan á ra ìwé ìròyìn yẹn torí tirẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ n wá mú ọ̀rọ̀ wá sílé. Lọ́dún 2009, wọ́n wó wọ́tásáìdì Njemanze, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni kò nílé mọ́. Lọ́dún 2010, Patience Jonathan, tó jẹ́ ọmọ Okrika, wá sílé. Gómìnà Amaechi ń sọ̀rọ̀ lórí ilé tí ìjọba fẹ́ wó, ni Màmá bá gba máìkì lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n bá a wí níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí nígbà yẹn ò ní gbàgbé. Abati gbé gègé, ó kọ ọ́ sínú The Guardian pé ohun tí ìyàwó Ààrẹ ṣe kò dáa.

Kò pé ọdún kan sígbà náà tí Jonathan fi pè é pé kó wá ṣe olùdámọ̀ràn pàtàkì òun lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ó gbà. Àwọn àgbà ní ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ló fi ń lọlẹ̀ lọ bá a.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé. Abala 151 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ pé Ààrẹ lè yan olùdámọ̀ràn pàtàkì. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló ń fọwọ́ sí iye tí wọ́n máa jẹ́ àti owó wọn, àmọ́ wọn kì í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi mínísítà. Bó bá ṣe wu Ààrẹ ni wọ́n ṣe ń pẹ́ síbẹ̀, ọjọ́ tí Ààrẹ bá sì kúrò ni iṣẹ́ wọn tán. Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló rí. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kì í sọ fún kọsitọ́mà pé ọjà ọ̀gá òun ò dáa. Tó bá ní nǹkan láti sọ, tó bá di alẹ́, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, á sọ ọ́ fún ọ̀gá. Tí ọ̀gá ò bá gbọ́, iye tí ọ̀gá pè náà ló máa pè láàárọ̀.

Ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Náírà 65 di 141 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 9, gbogbo wa jókòó sílé, tòmátò bà jẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́, títí dọjọ́ 16 tí wọ́n gbé e wálẹ̀ sí 97. Abati wà lára àwọn tó ń jáde gbèjà Ààrẹ. Nígbà tó di 2013, ìjà Amaechi àti Abùjá le. Àwọn gómìnà dìbò yan alága wọn, Amaechi ní 19, Jang ní 16, síbẹ̀ Jang ni ìjọba àpapọ̀ ń bá lò. Ní oṣù keje, aṣòfin márùn-ún nínú 32 fẹ́ yọ abẹnugan ilé aṣòfin Rivers, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ọkùnrin tó bá ìyàwó Ààrẹ wí lórí ọ̀rọ̀ Okrika ló wá ń ṣàlàyé fáráyé pé Ààrẹ kò lọ́wọ́ nínú wàhálà Rivers.

Èmi ò pè é ní òpùrọ́ o. Iṣẹ́ tó gbà nìyẹn. Ibi tí mo ti lè bá a wí ni àpilẹ̀kọ kan tó kọ lọ́dún 2013, tó pè ní The Hypocrisy of Yesterday's Men. Àwọn tó ti ṣe ìjọba tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wá ń bẹnu àtẹ́ lu ti Jonathan ló ń bá wí nínú ẹ̀. Àwọn ará àná ló pè wọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Buhari wọlé, òun náà di ará àná. Oṣù kẹfà 2015 ló kọ The Phones No Longer Ring, bí fóònù tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ ṣe dákẹ́ lójijì. Nínú gbogbo ohun tó kọ tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti ní owó rí tí owó náà wá tán á mọ ohun tó ń sọ.

Ó gbìyànjú òṣèlú fúnra rẹ̀ lọ́dún 2019. Òun ni Buruji Kashamu mú ṣe igbákejì nígbà tó ń du ipò gómìnà Ògùn lábẹ́ PDP. Dapo Abiodun ti APC ló wọlé. Abati ti wá wà lórí Arise báyìí, ètò àárọ̀, ó sì ń kọ̀wé sínú ThisDay. Òun nìkan kọ́ ló rin ọ̀nà yìí. Segun Adeniyi ti ṣe agbẹnusọ Yar'Adua, ó sì padà sídìí ìwé kíkọ. Femi Adesina kúrò ní The Sun lọ bá Buhari.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ lè gbà bá Abati pàdé lórí fóònù yín. Tó bá jẹ́ ṣáájú 2011, tàbí lẹ́yìn 2015, èrò ara rẹ̀ ló ń sọ, ẹ sì lè bá a jiyàn. Láàárín 2011 sí 2015, Jonathan ló ń sọ̀rọ̀, ẹnu Abati ló yá. Ti 2019, olóṣèlú tó ń wá ìbò ni. Kò túmọ̀ sí pé ohun tó ń sọ lónìí ò wúlò. Ẹni tó ti wà nínú Villa fún ọdún mẹ́rin mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ, àti ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń gbọ́ ọ láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjọba Jonathan, mo máa ń rántí ẹni tó sanwó oṣù fún un nígbà yẹn.

Láti òní lọ, fídíò òṣèlú tí kò bá ní ọjọ́ àti orúkọ ibi tó ti wá, màá yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má gbé e láti ibí lọ sí gúrúùpù àdúgbò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn ránṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Owó oṣù yìí, ẹ̀yin mẹ́rin ni kò tíì san.