Àṣìwò, Àṣìdá àti Òjóró: Èdè-Ìperí fún Ìdájọ́ Tí Ó Le Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

1.0 Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a wò fún iṣẹ́ yìí ni àwọn pápá bọ́ọ̀lù tí ó wà ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn Àwórì onílẹ̀ àti àwọn tí wọ́n wá tẹ̀dó sáàárín wọn ti jọ ń ṣeré.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní Ìbà, bọ́ọ̀lù ba ọmọkùnrin kan lápá nítòsí ilé. Rẹfirí, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé, fọn fèrè. Apá kan àwọn òǹwòran pariwo pé, ‘Ó fọwọ́ gbá a!’ Apá kejì dáhùn pé, ‘Bọ́ọ̀lù ni ó bà á lọ́wọ́!’ Ìjiyàn gidi ni èyí, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ẹnì kan wá ké pé, ‘Òjóró ni!’ Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Ìwà rẹfirí ni gbogbo wọn ń gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì ti fa ẹ̀wù rẹ̀ ya kí àwọn àgbà tó dá sí i.

Àbá tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àìtó ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí ó fa ẹ̀wù náà ya. Nígbà tí kò bá sí ọ̀rọ̀ tí ó fìdí múlẹ̀ láàárín ‘ó dá a re’ àti ‘òjóró ni’, gbogbo àṣìṣe onídàájọ́ ni yóò máa di ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́.

2.0 Ohun tí a ní nílẹ̀ àti ohun tí ó kù

Ọ̀rọ̀ àyálò ni ó pọ̀ jù lórí pápá: rẹfirí, góòlù, pẹnáritì, ọ́fúsáìdì. A kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a lé rẹfirí tàbí góòlù lọ. Ọmọ Àwórì, ọmọ Ògù àti ọmọ Ígbò tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Òkòkòmáìkò ni ó gbọ́ wọn. Ìlànà tí a tẹ̀ lé ni pé kí a fi ọ̀rọ̀ àyálò sílẹ̀ níbi tí ó bá ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí a sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ibi tí ó bá ti bo ìyàtọ̀ pàtàkì mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ńlá tí ó wà nílẹ̀, ìyẹn Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Eré ìdárayá ṣì ń dúró de ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Ní ti ìwà onídàájọ́, ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa: òjóró, èrú, màgòmágó, ojúsàájú. Ọkàn ènìyàn ni gbogbo wọn ń bá wí. Àṣìṣe nìkan ni ó dúró fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí ìdájọ́ rẹ̀ kò tọ́, ó sì gbòòrò jù. Ẹni tí ó da omi nù náà ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n èdè wa ní ọ̀nà ìṣẹ̀dá tí ó lè ràn wá lọ́wọ́. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- àti ọ̀rọ̀-ìṣe ṣì ti fún wa ní àṣìsọ, àṣìkọ, àṣìgbọ́ àti àṣìlò. Ní ọ̀nà kan náà, a dábàá àwọn wọ̀nyí:

(i) àṣìwò: kí ojú onídàájọ́ má rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀;
(ii) àṣìdá: kí ó rí i dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó ṣi òfin lò lé e lórí;
(iii) òjóró: kí ó rí i, kí ó mọ òfin, kí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ dá a sí ibòmíràn.

A kò mú àṣìrí fún (i), bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rí ni a kọ́kọ́ rò. Ohùn orí sílébù kejì nìkan ni yóò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àṣírí tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn òǹkọ̀wé wa kì í sì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo.

3.0 Àṣìwò: ọ̀rọ̀ ìlà

Kò sí àpẹẹrẹ àṣìwò tí ó dun àwọn ará Èkó bí ti ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, ọdún 2000. Ọ̀nà Àgbádárìgì tí ó gba iwájú wa kọjá ní Òkòkòmáìkò ni ọ̀pọ̀ ará agbègbè yìí ń tọ̀ lọ sí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ti pàdé ní àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Samuel Eto’o àti Patrick Mboma ti gba góòlù méjì wọlé kí Raphael Chukwu àti Jay-Jay Okocha tó san án padà. Ó di 2–2, ó sì di pẹnáritì. Bọ́ọ̀lù tí Victor Ikpeba gbá lu igi òkè, ó já lulẹ̀ lẹ́yìn ìlà, ó sì ta jáde. Rẹfirí, Mourad Daami ará Túníṣíà, ní kò wọlé. Àwòrán tí a tún wò lẹ́yìn náà fi hàn pé ó wọlé. Kamẹrúùnù borí pẹ̀lú 4–3. Ẹyọ kan péré ni ìyàtọ̀.

Kí ni ‘wọlé’? Òfin ní gbogbo bọ́ọ̀lù pátá gbọ́dọ̀ ré ìlà kọjá, láàárín igi méjèèjì, lábẹ́ igi òkè. Ìbú bọ́ọ̀lù tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 22. Ìlà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù lè kan ìlà, ó lè wà lórí ìlà, kí ó má sì tíì jẹ́ góòlù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kọjá àbáwọlé ń wọlé. A kò lè sọ pé ó ti wọlé tán. Ọ̀rọ̀ tán yìí gan-an ni òfin ń béèrè. A dábàá ìwọlétán fún ipò tí ó sọ bọ́ọ̀lù di góòlù, kí àwọn olùkọ́ sì máa bi ọmọ léèrè pé, ‘Ṣé ó wọlé tán?’ dípò ‘Ṣé ó wọlé?’

Ẹ̀rọ lè wo àṣìwò sàn. Lẹ́yìn tí wọ́n fi irú rẹ̀ dun Frank Lampard ará Gẹ̀ẹ́sì nínú ìfigagbága pẹ̀lú Jámánì ní 2010, IFAB, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù, fọwọ́ sí ẹ̀rọ aṣọ́là ní 2012. Ife Àgbáyé 2014 ni ó kọ́kọ́ lò ó nínú àwọn ife àgbáyé ti ọkùnrin. Ìbéèrè tí ẹ̀rọ náà ń dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ó wọlé tán àbí kò wọlé tán.

4.0 Àṣìdá: ọ̀rọ̀ ọwọ́

Ìbéèrè kejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Òkúdù, ọdún 2018, Nàìjíríà àti Ajẹntínà wà ní 1–1 ní St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Marcos Rojo kan bọ́ọ̀lù lórí, bọ́ọ̀lù sì ti orí rẹ̀ bà á lápá. Rẹfirí Cüneyt Çakır ará Tọ́kì lọ wo àwòrán rẹ̀ létí pápá, ó padà wá, ó ní kì í ṣe pẹnáritì. Rojo kan náà ni ó gba góòlù kejì wọlé fún Ajẹntínà. Kò sí ẹni tí ó lè pe èyí ní àṣìwò: rẹfirí rí i, àwa náà rí i, ohun kan náà ni gbogbo wa sì rí. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni ìtumọ̀ ohun tí a rí. Ẹni tí ó bá gbà pé rẹfirí kò dá a re, àṣìdá ni ó yẹ kí ó pè é.

Gírámà wa ní ohun tí ó lè sọ níbí. Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

(iv) Ó fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.
(v) Ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.
(vi) Bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́.

Ní (iv), agbábọ́ọ̀lù ni olùwà, ọwọ́ sì di irin-iṣẹ́ rẹ̀. Ní (vi), bọ́ọ̀lù ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó sọ (iv) tàbí (vi) ti ń dá ẹjọ́ kí ó tó mọ̀. Lóòótọ́, fi nìkan kò túmọ̀ sí ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ kọ kò fẹ́ ṣubú. Síbẹ̀, etí àwọn òǹwòran kì í dúró gbọ́ àlàyé yìí. Nítorí náà, ìṣẹ̀lẹ̀ ní láti ní orúkọ tirẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ sì ní tirẹ̀. Fún ìṣẹ̀lẹ̀, a dábàá ọwọ́-kan-bọ́ọ̀lù, èyí tí a fa yọ láti inú (v), tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Fún ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ń jẹni níyà lé lórí, a dábàá ìfọwọ́kan-bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ rẹfirí ni láti sọ bóyá ti àkọ́kọ́ ti di ti ìkejì: ṣé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni àbí èèṣì, ṣé apá náà sì mú kí ara fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

5.0 Ipò àti ẹ̀ṣẹ̀: ọ̀rọ̀ ọ́fúsáìdì

Ìyàtọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ ọ́fúsáìdì bò mọ́lẹ̀. Lórí pápá wa, ‘Ọ́fúsáìdì!’ jẹ́ ẹ̀sùn. Nínú òfin, ipò ni ó kọ́kọ́ jẹ́: kí orí, ara tàbí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tí ó ti kọjá ààrin pápá súnmọ́ ìlà ilé ọ̀tá ju bọ́ọ̀lù lọ, kí ó sì tún súnmọ́ ọn ju ẹnì kejì láti ẹ̀yìn nínú àwọn ọ̀tá lọ, ní àkókò tí ẹnìkejì rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Òfin sọ ní kedere pé wíwà ní ipò náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí ẹni náà bá dá sí eré. A dábàá ìdúró-ṣíwájú fún ipò, àti ẹ̀ṣẹ̀ ìdúró-ṣíwájú fún ìrúfin. Ẹni tí ó bá ṣi ti àkọ́kọ́ mọ̀ ṣe àṣìwò. Ẹni tí ó bá ṣi ti ìkejì mọ̀ sábà máa ń ṣe àṣìdá.

6.0 Àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìtó ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni ó ń fa èyí. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí ó rí bí ẹyin tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbé sá, ti ń lo àyẹ̀wò àwòrán láti 1986. Wọ́n pa á tì lẹ́yìn 1991, wọ́n sì mú un padà ní 1999. Síbẹ̀, ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ọdún 2015, ariyanjiyan ńlá bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí Dez Bryant ti ẹgbẹ́ Dallas fò sókè tí ó hán bọ́ọ̀lù nínú ìfigagbága pẹ̀lú Green Bay. Bí ó ti ń ṣubú, bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀. Àwọn adájọ́ ní ó mú un. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n ní kò mú un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nídìí ìjà náà: kí ni ‘mú’? Yorùbá yóò sọ pé ó hán an, ṣùgbọ́n kò dì í mú dé ilẹ̀. Òfin ìgbà náà béèrè fún ìkejì. Òǹwòran gbà pé àkọ́kọ́ tó. Ní 2018, wọ́n tún òfin náà kọ. Àwòrán kò yanjú rẹ̀. Àtúnṣe ìtumọ̀ ni wọ́n fi gbìyànjú láti yanjú rẹ̀.

7.0 Ìkádìí

Ohun tí a fẹ́ kí olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè mú kúrò níbí kò pọ̀. Èdè-ìperí ìdájọ́ gbọ́dọ̀ ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, kí ó sì ya méjèèjì kúrò lára ohun tí ó wà lọ́kàn adájọ́. A kò sọ pé kò sí òjóró. Ó wà, ó sì yẹ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀yìn ilé kan ṣoṣo, tí ó ké òjóró kí ó tó béèrè bóyá àṣìwò tàbí àṣìdá ni, ti gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan. Kí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fọn fèrè fún àwọn ọmọ wa ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lórí pápá. Èyí tí àwọn ọmọ bá gbà ni yóò dúró. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, a ó tún un ṣe.